Ẹni Tó Kéde Ààwẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ebi pa ìyá mi nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọn kò ṣe.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìsàn ni mo ń sunkún rẹ̀. Àìsàn kò ní ọ̀gá tí a lè pè lẹ́jọ́. Jẹjẹrẹ tó mú ìyá mi ní ọ̀nà ọ̀fun, n kò bá a jà. N kò bá ọ̀bẹ náà jà, torí nígbà tí ọ̀bẹ dé níkẹyìn, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló dì í mú. Ohun tí àwọn ènìyàn tí ara wọn dá fi ojú ara wọn rí, tí wọ́n lágbára láti tún ṣe, tí wọ́n sì rìn kọjá lára rẹ̀, òun ni mo ń bá jà. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ni, ó tóbi, ó jìnnà sí Ìdànrè, àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà sì mọ ara wọn.

Òdòdè, ní Ìdànrè, ni ilé wa wà, lábẹ́ àpáta. Àgbẹ̀ oníkòkó ni ìyá mi, opó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni, irú àwọn tí aago ìjọ kì í bá nílé. Èmi ń ṣe olùkọ́ ní Àkúrẹ́. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí mo jáde ní yunifásítì, mo sì máa ń wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀. "Tíṣà" ló ń pè mí bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "ọmọ mi" bó bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan fún òun. Èdè Ìdànrè ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, mo ti yí i kí ó lè yé gbogbo ènìyàn, ìyẹn sì ti gba díẹ̀ nínú adùn rẹ̀.

Iyán ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá jẹ iyán lálẹ́ kò tíì jẹun, ohun yòówù kó ti jẹ láti àárọ̀. Òkèlè á dúró sí i láàárín àyà, á fi omi tì í. Nígbà tó yá, omi kò tì í mọ́. Ó fi iyán sílẹ̀, ó di ẹ̀kọ. Ó fi ẹ̀kọ sílẹ̀, ó di ògì mímu. Kò sọ fún ẹnì kankan. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun wà nínú ààwẹ̀.

Ta ni yóò bá Aládùúrà jiyàn ààwẹ̀? Bó ti ń gbẹ ni wọ́n ń yìn ín. Wọ́n ní Ẹ̀mí ń lò ó. Wọ́n gbé ipò rẹ̀ ga nínú ìjọ, wọ́n fún un ní àmùrè tuntun, àmùrè náà sì yí i ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí ibi dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tú àṣírí rẹ̀. Ìyá Àtósìn ni gbogbo wa ń pè é, torí Àtósìn ni ilé ọkọ rẹ̀. Ó wá bá wa ṣe ìkórè ìjọ, ó sì rí àbúrò rẹ̀ tó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé pẹ̀lú agolo mílíìkì òfìfo.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ń tutọ́ ni."

"Itọ́ kún agolo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ààwẹ̀ ni mo wà."

"Ààwẹ̀ wo ni kì í jẹ́ kéèyàn gbé itọ́ mì? Èmi náà ti gbààwẹ̀ rí o. Itọ́ ni mo jẹ látàárọ̀ dalẹ́ ọjọ́ yẹn!"

Pẹ̀lú aṣọ ìkórè lọ́rùn ló fi wọ́ ọ lọ bá wòlíì, èmi náà tẹ̀lé wọn. Ìyá Àtósìn kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí àbúrò mi gbààwẹ̀?"

Wòlíì wo ìyá mi. "Mo rò pé òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló jọ mọ̀ ọ́n."

"Bó bá jẹ́ òun àti Ọlọ́run ni, kí Ọlọ́run wá bá a gbé itọ́ mì."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wòlíì kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ṣàlàyé òfin kan tí ìjọ wa ní, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá kéde ààwẹ̀ ló ń ṣí i. Bí àkókò bá tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde nílé rẹ̀, yóò wá dúró síwájú rẹ, yóò gbàdúrà sí omi, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọ. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ bá a ṣe é. Àwọn àgbà ìjọ ní ìdí rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má máa fi ẹnu lásán pàṣẹ ebi fún ọmọlàkejì rẹ̀. Bí o bá mọ̀ pé ìwọ ni yóò rìn wá, o ó ronú kí o tó sọ̀rọ̀.

Wòlíì wá sọ pé, "Èyí tí n kò kéde, n kò lè ṣí i. Ẹ gbé ìyá yìí lọ sílé ìwòsàn. N ó máa gbàdúrà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n ẹ máa lọ ná."

Mo mọ bí àwa tí a kàwé ṣe máa ń fi irú wọn ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kí a kọ èyí náà sílẹ̀: nínú gbogbo àwọn tó ní àṣẹ lórí ìyá mi ní àkókò yẹn, òun nìkan ló sọ ibi tí àṣẹ tirẹ̀ parí sí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní omi funfun kan tó ki bí ẹfun mu, wọ́n sì ya fọ́tò inú àyà rẹ̀ bí omi náà ti ń sọ̀kalẹ̀. Mo rí fọ́tò náà. Ọ̀nà tó yẹ kó lọ gbọọrọ fún pọ̀ níbì kan bí ọrùn ìgò. Wọ́n já ẹran díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà sì pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún mi. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí débi pé bí mo bá na ọwọ́, n ó kàn án. Ọ̀fun rẹ̀ ni, èmi ni wọ́n sọ fún. Ọmọ Yorùbá ni dókítà náà, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Èmi ni mo jókòó tì í tí mo sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ṣé wọ́n lè gé e kúrò?"

"Wọ́n ní àwọn á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á wá fa àpòlúkù yín sókè, wọ́n á rán an mọ́ èyí tó kù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé aṣọ ni mí. Sọ fún wọn kí wọ́n fi òwú tó le rán an, mo ní kòkó tí n ó kó."

Ṣùgbọ́n ó ní láti sanra díẹ̀ ná. Dókítà ní ọgbẹ́ ara tó gbẹ kì í jinná, òun kò sì ní fi ọ̀bẹ kan egungun lásán. Mo fara mọ́ ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ń fún un ní mílíìkì àti ẹyin tí a pò mọ́ ògì, wọ́n ń fi dírípù kún un. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí kanlẹ̀, tí yóò sì máa húkọ́ látinú wá, kí nǹkan má baà dì sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó mú un lọ́kùn-únkúndùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìsàn yòókù fi ń pè é ní Ìyá Oníkọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, dókítà so páálí kékeré kan mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Kí ló kọ síbẹ̀?" ìyá mi bi mí.

"Ó ní kẹ́ ẹ má jẹ, kẹ́ ẹ má sì mu."

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni."

"Ó dáa. Ààwẹ̀ nìyẹn. Ó ti kéde rẹ̀, yóò wá ṣí i."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n lu aago, wọ́n lé gbogbo àwa àlejò jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àti lẹ́nu obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì yàtọ̀. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, iná lọ, ẹ̀rọ amúnáwá kọ̀ kò ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e padà sí bẹ́ẹ̀dì. Iná lè lọ níbikíbi, n kò ka ìyẹn sí wọn lọ́rùn. Ohun tí mo kà sí wọn lọ́rùn ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún un. Dírípù tán, wọn kò fi òmíràn sí i. Dókítà bá ọ̀nà ibòmíràn jáde, ó lọ sílé rẹ̀. Páálí ṣì wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin tó ń pín oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Màmá, wọn ò ṣe tiyín mọ́ lónìí. Ẹ gba ògì."

"Ṣé ìwọ lo kéde rẹ̀?"

"Kéde kí ni? Èmi ni mo ń pín oúnjẹ."

"Bí kì í bá ṣe ìwọ, gbé e padà, ọmọ mi, o ṣeun. Kí ẹni tó so páálí wá tú u."

Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan sín ìyá mi jẹ, ó yí ohùn padà sí ti èdè Ìdànrè: "Màmá ará oko, ebi ò mọ ẹni tó kéde o!" Ẹ̀rín tún bú. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà, nígbà tí mo dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo ní kó tú páálí náà, dá mi lóhùn pé dókítà kò tíì ní kí òun tú u. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ohun tó fi ìyá mi ṣe ẹlẹ́yà lé lórí ni òun náà ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òun ti jẹun.

Ètè ìyá mi ti là. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, gbọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. "Bí mo bá fi ẹnu ara mi ṣí i, tí wọ́n wá dé pé ó yá ńkọ́? Wọ́n á ní èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á ní kí n máa lọ sílé."

Èmi ni mo já páálí náà. Mo ní kó di ẹ̀bi rù mí. Ó mu ògì náà lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń jalè, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Ó tún gba páálí kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tọ́jú fún un ni wọ́n fi gba ẹnì kan là tí ọkọ̀ kọlù, n kò sì lè bínú sí èyí láéláé, ẹ̀mí ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe le tó láti rìn dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan, kí ènìyàn sọ pé, "Màmá, kò ní ṣeé ṣe lónìí, ẹ jẹun"? Èmi ń bójú tó ìdánwò ní Àkúrẹ́, n kò sí nílé ìwòsàn láti já páálí, ó sì wà níbẹ̀ títí ọjọ́ fi gorí ọjọ́. Nígbà tí mo fi dé, tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, gbogbo ohun tí mílíìkì àti ẹyin ti kó jọ ti lọ. Dókítà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó gbà lọ. Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn láìjẹ́ pé ó béèrè: "Olóríkunkun ni màmá yìí, sà. Kì í jẹun." Dókítà wá yíjú sí mi, ó ní kí n mú un lọ sílé, kó lọ sanra. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé àwa la mú un gbẹ wá.

Bí a ṣe délé, ìyá mi kò fẹ́ jẹun mọ́ rárá. Kì í ṣe ọ̀fun nìkan. Ó ní ohun tí wọ́n dè mọ́ òun níbẹ̀ kò tíì tú. Ìyá Àtósìn bú u, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bú u. Níkẹyìn ó lọ pe wòlíì.

Wòlíì jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ààwẹ̀ tí ẹni tó kéde rẹ̀ bá ti sá, ìjọ ló ń ṣí i."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òfin ìjọ ni àbí pálọ̀ wa ló ti ronú kàn án. N kò bi í. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn obìnrin ìjọ ti ń wá, abọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹni tó gbé omi ẹja tí a ti sẹ́ dáadáa wá, ẹni tó gbé ògì àti oyin, ẹni tó gbé tíì oníkòkó, tó sì ń ráhùn pé kòkó tí òun tà ní Òdòdè ni òyìnbó tún kó padà wá tà fún òun nínú agolo. Ẹni tó bá gbé abọ́ wá ni yóò gbàdúrà sí i, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì fi gbé e fún un. Ìyá Àtósìn dúró lẹ́bàá wọn bí ọlọ́pàá.

"Gbé e mì! Mo ní gbé e mì! Àbí kí n lọ pe dókítà wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ná. Ọ̀nà Òwena oníkòtò ni, kì í ṣe títì ọ̀dà."

Ara padà díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà òjò títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá kòkó. Àmùrè kò yí i ká lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ara ti ń padà ni ọ̀nà ọ̀fun ń fún sí i. Nígbà tí a fi padà sí ilé ìwòsàn náà, omi lásán ti ń dúró kó tó kọjá, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ ki rọ́bà bọ inú rẹ̀ láti fi bọ́ ọ. Ẹ rántí pé ó ń mu ògì nígbà tí wọ́n so páálí àkọ́kọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo ti sọ pé ọwọ́ tó mọṣẹ́ ni, mo tún un sọ. Nígbà tí mo rí i lẹ́yìn rẹ̀, rọ́bà wà ní imú, ní àyà, ní ikùn, páálí náà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń húkọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń di ẹ̀gbẹ́ mú, omijé ń bọ́, kò sì dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tó yẹ kó fi ẹnu kan omi, nọ́ọ̀sì àgbà kan tí a kò mọ̀ rí wá pẹ̀lú ife àti ṣíbí. Ó ti gbọ́ ìtàn Ìyá Oníkọ́. Ó tú páálí náà lójú rẹ̀, ó sì ní, "Màmá, ó ti parí. Ẹ gbà lọ́wọ́ mi." Ṣíbí omi kan ni. Ìyá mi mú un sẹ́nu pẹ́, ó gbé e mì, ó kọjá.

Ṣíbí omi kan àti gbólóhùn méjì: ohun tó ná ilé ìwòsàn náà nìyẹn.

Nílé, kò gbọ́dọ̀ sùn gbalaja mọ́, kí oúnjẹ má baà padà sókè. A fi òwú àràbà kún inú àpò kòkó, a tò wọ́n sẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn ní ìjókòó bí ọba. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ìyá Àtósìn gún iyán fún un nínú odó ata, nítorí odó iyán ti tóbi jù, ìyá mi sì ń gé e bí ẹyọ ẹ̀wà, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu kó tó gbé e mì.

"Ta ló ń jẹ iyán lẹ́nu bí ẹran? Iyán lò ń jẹ ni àbí oògùn?"

"Iyán ni. Ẹnu mi mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì wo dókítà lójú. "Ọmọ mi, mo dúpẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àwọn ààwẹ̀ méjì ìṣáájú yẹn, kí ló dé tí o kò wá ṣí i?" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí n sọ fún un pé ara rẹ̀ ń yá dáadáa.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Òwena, ìyá mi yíjú sí mi.

"Kò dáhùn," ló wí.

"Bóyá ó ti gbàgbé, Màmá."

"Ẹni tó bá gbàgbé, á ní òun gbàgbé."

Ó kó kòkó fún àsìkò méjì lẹ́yìn ìyẹn. Àìsàn náà padà, ó gba inú ẹ̀dọ̀ wọlé, ìyá mi sì kú sórí àpò òwú rẹ̀, ní ìjókòó. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àsìkò méjì yẹn. Mo ń dúpẹ́. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo ń bi ní ìbéèrè. Bóyá ká ní wọ́n ṣe é nígbà tó ṣì ń mu ògì, ikú kan náà ni ì bá kú. Bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàwé débi tí mo fi mọ̀ pé èmi kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà lẹ lè mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹ sọ pé ẹ̀yin náà kò mọ̀, èyí tí yóò jẹ́ ìdáhùn.

Nítorí náà, ẹ dá mi lóhùn. Ìwọ tí o so páálí, ibo lo gbà jáde lọ́jọ́ tí iná lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ta nínú yín ló rò pé iṣẹ́ òun kọ́ ni láti tú okùn kékeré? Ta ló sọ ẹni tó ń pa àṣẹ yín mọ́ di olóríkunkun? Èéṣe tí ẹni tó ni ọ̀fun fi béèrè ní Yorùbá tí ẹ fi dá ọmọ rẹ̀ lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì? N kò fẹ́ ìdáhùn lórí bébà. Ìyá Àtósìn ṣì wà láyé. Ẹ wá sí Òdòdè, ẹ jókòó síwájú rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní èdè tó yé e. Ẹ̀yin lẹ kéde rẹ̀. Ẹ wá ṣí i.